Jìtá oníná owó pọ́ọ́kú: kí ẹ tó pààrọ̀ pickup

Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa ń la ní Ògbómọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan gun ọ̀kadà láti Under-G wá bá mi nílé. Ó gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó sì di ọ̀rá dúdú kékeré kan mú bí ẹni tó ra ẹran bọ̀ lọ́jà. Ó tẹríba, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ pickup jìtá yìí. Bí agolo mílíìkì ló ń dún. Mo ti ra òmíràn wá." Pickup mẹ́ta, àwọn ègé pẹlẹbẹ tó ń gbọ́ ohùn okùn jìtá oníná, ló wà nínú ọ̀rá yẹn, owó wọn sì lé ní ìdajì owó tó fi ra jìtá fúnra rẹ̀.

Mo ní kó jókòó ná. Mo tú àpò, mo tan áàpù tó ń gbọ́ ohùn lórí fóònù mi, mo yí okùn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi bọ́ sí ipò wọn: E, A, D, G, B, E. Mo ta gbogbo wọn láìtẹ ìka mọ́ ibì kankan. Ó dùn. Mo wá tẹ kọ́ọ̀dù C, ìyẹn ohùn bíi mélòó kan tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún bí ìgbà tí akọrin méjì dá orin kan náà, tí kálukú ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ, àbí?" Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi pickup kọ́.

N ò bá ọmọ náà wí. Ẹni tó bá fi wákàtí kan wo fídíò nípa jìtá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pickup ni yóò máa lá lálàá. Pickup ní orúkọ, páálí rẹ̀ rẹwà, àwọn tó ń tà á sì mọ ìpolówó ṣe. Kò sí ẹni tó ń polówó pé kí ẹ fi fáìlì ha ègé rọ́bà kékeré kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ jìtá owó pọ́ọ́kú ti ń ṣàìsàn.

Iṣẹ́ wo ni pickup tilẹ̀ ń ṣe? Jìtá onígi tí inú rẹ̀ ṣófo, igi rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí akèrègbè ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, inú tó ṣófo ló ń gbé ohùn jáde. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ dì, kò ní ikùn. Bí ẹ bá ń ta á ní yàrá láìsí iná, ẹni tó wà ní pálọ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe nǹkan kan. Pickup ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn. Òòfà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wé wáyà bàbà tín-ín-rín yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn jìtá oníná. Bí irin bá ti ń gbọ̀n lẹ́bàá òòfà, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú wáyà yẹn, iná yìí ni amp, ẹ̀rọ agbóhùnsókè jìtá, máa sọ di ńlá. Michael Faraday ló ṣàwárí ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀ ní 1831, ọgbọ́n kan náà ló sì ń mú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín tan gílóòbù. Ìdí nìyẹn tí okùn ọ̀rá tí wọ́n ń so mọ́ àwọn jìtá onígi kan kò fi lè dún lórí ti oníná. Òòfà kò mọ ọ̀rá rí.

Ohùn tí amp ń sọ di ńlá yìí ló mú àwọn baba wa nínú jùjú sáré gba jìtá oníná. Bí ìlù bá ti pọ̀ díẹ̀, jìtá onígi rì nìyẹn. Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so jìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú jùjú, ní 1949. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè túbọ̀ gba gángan àti ìlù rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jìtá, títí a fi dé orí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, tí wọ́n ń to jìtá bíi mélòó kan sórí pèpéle kan ṣoṣo, tí a sì ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ibi tí mo ń lọ ni pé pickup kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí okùn bá sọ ló ń gbé dé ọ̀dọ̀ amp. Bí okùn bá ń sọ ìsọkúsọ, pickup olówó iyebíye á kàn gbé ìsọkúsọ náà jáde ketekete ni. Nítorí náà, okùn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ègé rọ́bà tó mú kọ́ọ̀dù C burú

Níbi tí ọrùn jìtá ti fẹ́ parí, kí okùn tó wọ orí, ègé rọ́bà tàbí egungun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé ojú mẹ́fà sí. Nut ni wọ́n ń pè é. Àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá ni fret. Mo tẹ okùn jìtá ọmọ náà mọ́lẹ̀ ní fret kẹta, mo wá ní kó wo àlàfo tó wà láàrin okùn àti fret kìíní. Níbi tó dára, àlàfo yẹn kò ju ìbú irun orí kan lọ. Tirẹ̀, káàdì ATM fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn onígángan mọ ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ jù wá lọ. Bí wọ́n bá fún ọṣán, ohùn ìlù á ròkè. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Nut tó ga jù ń mú kí ìka ti okùn jìnnà kó tó kan fret kìíní, títi yẹn ló ń fún okùn, ohùn á sì ròkè ju bó ti yẹ lọ. Nínú kọ́ọ̀dù C, ẹ ní okùn tí ẹ tẹ̀ àti okùn tí ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ jókòó sí àyè wọn, àwọn tí ẹ tẹ̀ ti gòkè. Ẹ lè fi gbogbo òwúrọ̀ yí okùn, wọn ò ní bára mu láéláé, nítorí bí ẹ bá ṣe C, ẹ ti ba E jẹ́.

Ó yẹ kí fáìlì tín-ín-rín wà fún iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ohun tí èmi ń lò ni àwọn irin wínníwínní tí àwọn wẹ́dà fi ń yọ ìdọ̀tí lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì gáàsì wọn. Wọ́n ń tà á ní odidi ìdì kan, títóbi wọn yàtọ̀ síra, ara wọn sì rí págunpàgun bíi fáìlì. Mo mú èyí tó bá okùn kọ̀ọ̀kan mu, mo ha ojú nut lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dá okùn padà, mo wò ó, mo tún ha. Ẹ má kánjú níbí. Bí ẹ bá ha á kọjá ààlà, okùn á máa gbọ̀n lára fret kìíní, á máa dún ẹ̀ẹ̀n bí ẹ̀fọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo bu sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì díẹ̀ sójú ibẹ̀, mo kán súpágúlù lé e, ó gan bí òkúta, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi pẹ́ńsù kun ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àní pẹ́ńsù àwọn ọmọ iléèwé. Dúdú tó wà nínú rẹ̀ ń yọ̀. Bí ẹ bá ń yí okùn tí ẹ sì gbọ́ "tín!" níbi nut, okùn há síbẹ̀ nìyẹn. Yóò dúró sí ibi tí kò yẹ títí ẹ ó fi lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á wá já bọ́, ẹ ó sì máa sọ pé jìtá yìí kì í dúró lójú kan. Ẹ̀yin náà á lọ ra irin ìyí-okùn tuntun fún un, nígbà tí ohun tó ń fẹ́ kò ju pẹ́ńsù lọ.

Okùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ti ọmọ yìí dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ọjọ́ tó ti ra jìtá, oṣù mẹ́jọ, kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ẹni tó so ó mọ́ ọn tún ti wé e yí òpó ìyí-okùn nígbà méje mẹ́jọ bí òwú orí kẹ̀kẹ́. Ìgbà méjì sí mẹ́ta tó. Gbogbo ìyípo tó lé lórí ìyẹn ń wá ọjọ́ tí yóò dẹ̀ ni. Mo gbé okùn tuntun sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní 9 sí 42. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé okùn tó tín-ín-rín jù fẹ̀ ní ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan, èyí tó nípọn jù sì jẹ́ ìdá 42. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò tíì le, 9 ló rọrùn. Mo di okùn kọ̀ọ̀kan mú láàrin, mo fà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, mo tún un yí. Okùn tuntun tí ẹ kò bá fà báyìí, òun fúnra rẹ̀ á máa fà lójú ìsìn.

Ẹ yọ káàdì ATM yín síta

Káàdì báńkì gbogbo ayé, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n nípọn, mìlímítà 0.76. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, n kì í wá irinṣẹ́ ìwọ̀n mọ́. Kí ẹ máa lo etí káàdì ṣá, ẹ má lo ibi tí nọ́ńbà ti yọ gọ̀ǹgọ̀.

Ọrùn la kọ́kọ́ ń wò. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ okùn tó nípọn jù mọ́lẹ̀ ní fret kìíní, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé àyà jìtá. Okùn yẹn ti di rúlà yín. Ẹ wo fret keje. Àlàfo díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, bí ìnípọn bébà káàdì tí wọ́n fi ń peni sí ìnáwó, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta ATM. Bí ATM bá gba ibẹ̀ wọlé, ọrùn ti tẹ̀ síwájú jù. Bí okùn bá sùn lé fret gbàgà tí kò sí àlàfo rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn tí a fi ń tún èyí ṣe, truss rod lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní orí jìtá tàbí ní ìdí ọrùn, Allen key la fi ń yí i. Bí ẹ bá yí i sápá ọ̀tún, ọrùn á nà. Sápá òsì, á dẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó wò ó. Bó bá le, tí kò fẹ́ gbọ́, ẹ fi sílẹ̀ o. Mo mọ ẹni tó fi agídí yí tirẹ̀ bí ẹni tú nọ́ọ̀tì táyà, irin náà kán sínú, jìtá di igi ìdáná.

Lẹ́yìn ọrùn ló kan gíga okùn. Ní fret kejìlá, ATM méjì tí ẹ to lé ara wọn ló yẹ kó wọ abẹ́ okùn tó tín-ín-rín jù láìgbé e sókè, ìyẹn mìlímítà kan ààbọ̀. Okùn tó nípọn jù ń fẹ́ àyè láti gbọ̀n, ẹ fi bébà káàdì ìnáwó méjì kún un lábẹ́ tirẹ̀. Àwọn ègé irin kéékèèké tó gbé okùn dúró nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní saddle, ni ẹ ó máa rẹ̀ sílẹ̀ tàbí gbé sókè. ATM mẹ́rin ló ń gba abẹ́ okùn jìtá ọmọ yìí. Abájọ tí ìka rẹ̀ fi ń lé ròrò.

Ìgbà yìí la tó lè bọ́ sórí èyí tí wọ́n ń pè ní intonation, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù láìnídìí. Fret kejìlá pín okùn sí méjì gẹ́ẹ́. Lórí jìtá tó rí bíi Stratocaster, jìtá iléeṣẹ́ Fender tó gbajúmọ̀, okùn gùn ní mìlímítà 648 láti nut dé saddle, fret kejìlá sì wà ní 324. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́ lókè fret yẹn láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, ohùn kan á dún bí agogo. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà, ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ rí bákan náà lójú fóònù. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ròkè jù, okùn kúrú jù nìyẹn, ẹ fa saddle sẹ́yìn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú. Súkúdíráfà kékeré kan ló ń ṣe é. Ẹ má ṣe èyí ṣáájú ọrùn àti gíga okùn, nítorí bí ẹ bá padà fọwọ́ kan àwọn yẹn, ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ náà kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àmọ́ mo rí i ní ìdí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀: ìlà pupa wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí ológbò ha. Ó rò pé ara ọ̀kadà ló ti rí i. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fà á gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn jìtá. "Yéè!" Ọyẹ́ ló fà á. Igi ń gbẹ, ó ń sún kì, irin fret kò sì mọ̀ bóyá ọyẹ́ dé. Nígbà tí igi bá sún wọlé, orí irin á yọ síta bí eyín ayùn. Jìtá olówó gọbọi náà ń ṣe é, àmọ́ igi owó pọ́ọ́kú kì í gbẹ tán kí wọ́n tó lò ó, ìyẹn ló fi ń le lára tirẹ̀. Mo lẹ téèpù mọ́ igi kó má baà fara gbọgbẹ́, mo fi fáìlì pẹlẹbẹ dan orí irin náà, mo fi sánpépà tó kúnná kádìí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni fóòmù kékeré tí a rin, tí a sì fún gbẹ, fi ń gbé nínú àpò jìtá rẹ̀ nígbà ọyẹ́, nínú ike ọṣẹ tí a dá lu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òróró tí ẹ fi ń dín dòdò pa ọrùn jìtá. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé sọ.

Hùùù, àti iná tó ń gbé akọrin

Pickup oníwàyà ẹyọ kan, irú mẹ́ta tó wà lára Stratocaster, máa ń kùn hùùù. Iná ìjọba wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe lílọ bíbọ̀ tí ẹ̀ ń rò yẹn o, inú wáyà ni mo ní lọ́kàn. Pickup ń gbọ́ ọ láti inú afẹ́fẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ní 1955, Seth Lover tó ń ṣiṣẹ́ ní Gibson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe jìtá, fi ìdì wáyà méjì ṣe pickup kan, ó yí òòfà àti wáyà ọ̀kan lódì sí ti èkejì. Hùùù tó wọ inú méjèèjì pa ara wọn, ohùn okùn sì fara ti ara rẹ̀. Humbucker nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sáré ra humbucker, ẹ fọwọ́ kan okùn. Bí hùùù náà bá rọlẹ̀, wáyà tó lọ sídìí okùn wà pé, ariwo inú ilé lásán lẹ̀ ń gbọ́. Ẹ kúrò lẹ́bàá gílóòbù gígùn àti jẹnẹrétọ̀. Bó bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, wáyà kan ti já tàbí wọ́n so ó lódì. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Sábó á fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà kí ẹ tó parí gúgúrú ọwọ́ yín. Òun náà ló ní ohun tí wọ́n ń fọ́n sínú bọ́tìnnì tó ń dún kírísí-kírísí bí ẹ bá yí i.

Ẹsẹ̀ kẹta tó tóbi lórí púlọ́ọ̀gì amp ni ti ilẹ̀. Mo máa ń rí i tí wọ́n gé e sọnù nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbà á, tàbí nítorí pé hùùù dínkù bí wọ́n ṣe gé e. Ó dínkù lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí wáyà kan bá kan irin inú amp, okùn jìtá ni iná yẹn máa gbà, bí ètè yín bá sì fara kan máíkì, ara yín ló di wáyà. Mo ti rí i kó gbé akọrin kan ṣubú lọ́jọ́ ìkórè. Kò kú, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ amp kan náà: tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń lo 120 volt, ti Japan ń lo 100, iná tiwa ń wọ 230 sí 240. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Bó bá jẹ́ 120 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ní láti ra step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, tó lè gbé e, owó ìyẹn náà sì wà lára owó amp.

Kí ni ẹ ń kì í bọ̀?

Ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, kò sí bí jìtá kò ṣe ní í kún ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Èmi náà, ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí amp jìtá. Wọ́n á kàn ki wáyà jìtá bọ mixer, ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo ohùn pọ̀, lẹ́bàá ti kíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni ohùn agolo ìyókù ti ń wá.

Iná tí pickup ń pèsè kéré gan-an, kò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ẹnu amp jìtá ní ìdènà tó tó mílíọ̀nù kan ohm. Ẹnu mixer tí wọ́n ń ki kíbọ́ọ̀dù bọ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ogún. Ẹ fojú inú wo táǹkì kékeré tó ń fún ilé kan lómi. Ilé kan, omi á tú jáde. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣí ẹ̀rọ lé e lórí, á máa kán tó-tó-tó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn jìtá yín nínú mixer nìyẹn. Ohùn òkè tó mọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. DI box ni àpótí kékeré tó ń dúró láàrin, tó gba jìtá bó ti yẹ, tó sì fi í fún mixer bí mixer ṣe fẹ́. Àwọn mixer míì ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Hi-Z sí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ wò ó dáadáa, ó lè wà lórí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín láti ọdún yìí wá kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ohùn tó ń han, èyí tí wọ́n ń pè ní distortion, ẹ rántí pé sípíkà amp jìtá kì í gbé ohùn tó tín-ín-rín jù jáde, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì sì ń gbé gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún ṣàà bí ẹni ń dín àkàrà. Àwọn ẹ̀rọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ta báyìí sábà máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíi sípíkà jìtá, ẹ tan án.

Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà wàyí

Ẹ ti rí ohun tí owó kékeré lè wò, ẹ fi ojú yẹn lọ ra jìtá, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ Èkó. Okùn tó ga, okùn tó dípẹtà, bọ́tìnnì tó ń dún kírísí, nut tí wọn ò gé dáadáa: ẹ má sá fún wọn, ẹ fi wọ́n dúnàádúrà ni. Ohun tí ẹ ó sá fún ni ọrùn tó lọ́. Ẹ gbé jìtá sójú bí ẹni ń yọ́ ìbọn wò, ẹ wò ó láti ìdí ọrùn lọ sókè. Bó bá lọ́ bí ewé tí oòrùn pa, truss rod kò lè nà án. Ẹ wo ẹ̀yìn orí jìtá bóyá ó ti kán rí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ yí truss rod díẹ̀ lójú wọn. Ẹ tẹ gbogbo fret lórí gbogbo okùn. Ẹni tó ń tà á á máa kanra, ẹ jẹ́ kó máa kanra.

Orúkọ kò burú, àmọ́ ẹ mọ èyí tí ẹ ń kà. Fender ló ni Squier, ó sì ti ń fi orúkọ yẹn ta jìtá tó rọjú láti 1982. Gibson ra Epiphone ní 1957. Yamaha bẹ̀rẹ̀ jìtá Pacifica ní 1990, mo sì fẹ́ràn wọn púpọ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé Gibson fún yín ní iye owó Squier, ẹni tó kọ orúkọ sí i nìkan ló mọ ibi tó ti wá. Jìtá China tí kò lórúkọ, tí ọrùn rẹ̀ gún, sàn jù ú lọ. Ní ti igi, n ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀gànwó wuyì, àmọ́ lára jìtá oníná, igi ni ohun tí mo ń bèèrè kẹ́yìn. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ìdí okùn rẹ̀ léfòó síwá sẹ́yìn fún yín bí jìtá àkọ́kọ́. Bí okùn kan bá já lára irú rẹ̀, márùn-ún ìyókù á sọ ohùn nù lójú ẹsẹ̀.

Pickup wá ńkọ́? Ó ní àsìkò tirẹ̀. Bí gbogbo ohun tí mo kà wọ̀nyí bá ti wà létò, tí ẹ sì ti ń lù ú gba inú amp tàbí DI tó dára, tí etí yín ṣì ń fẹ́ nǹkan míì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ọ̀fẹ́ kan wà. Ìdè ẹ̀gbẹ́ pickup ń gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá súnmọ́ okùn jù, òòfà á máa fa okùn, ohùn á máa gbọ̀n lódìlódì. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret tó kẹ́yìn, ATM mẹ́ta ni kó wà láàrin òun àti pickup.

Nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni mo lò lórí jìtá ọmọ náà. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, ó tẹ C, ó tẹ F, ó tún padà sórí C. Kò sọ̀rọ̀. Ó wo ọ̀rá dúdú tó wà lórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tà wọ́n ni?" Ó gbé wọn sórí status WhatsApp rẹ̀, akọrin kan ní Ìjẹ̀rú rà wọ́n, ó fi owó náà ra DI box, ó sì tún ní ìyókù.

Ní oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ dáadáa, ó tún gbé jìtá náà wá. Okùn ti ga díẹ̀ sí i, ó ní òun rò pé igi ti mumi, ọrùn sì ti tẹ̀ síwájú. Kí n tó dìde lọ mú Allen key, ó ti yọ ATM tirẹ̀ síta.